Bàtà Kan fún Ọmọ Méjì

Àwọn bàbá tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbá jù lọ. Ibi tí mo ti ń lẹ̀ táyà ọ̀kadà ní Ṣakí kò jìnnà sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Bí mo bá ti ń kó irinṣẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́ làwọn ọmọdé á ti máa pè mí, "Kóòṣì, ẹ jẹ́ ká lọ." Èmi kì í ṣe kóòṣì o. Mo kàn gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ kí orúnkún mi tó bàjẹ́ ni, ìwé tí mo sì kà kò tó èyí tí èèyàn ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n mo ní fèrè, mo sì ní ohun tí mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù wọn. Lójú wọn, ìyẹn ti tó.

Àwọn méjì wà nínú wọn tí wọ́n ń pín bàtà kan wọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí pápá wa ni pé ẹsẹ̀ tí kálukú fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń wọ bàtà sí, ẹsẹ̀ kejì á wà lásán. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún ló pọ̀ jù, nítorí náà ìjà ni wọ́n sábà máa ń fi pín in. Àwọn méjì yìí kò jà rí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ oníṣu, ọ̀tún ló ń lò. Èkejì jẹ́ ọmọ Alájì kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, òsì ni tirẹ̀, irú òsì tí bọ́ọ̀lù máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bàtà òkìrìkà tó gba ẹnubodè wọlé ni, bàbá àgbẹ̀ ló rà á. Ó tóbi jù wọ́n lọ, wọ́n bá ki àkísà sí i níwájú. Bí a bá ṣe tán, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á fi kọ́ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó sọ ìyókù. Bí ọ̀kan bá gbá góòlù wọlé, á fi ẹsẹ̀ kan dúró, á na ẹsẹ̀ tó wọ bàtà sókè, èkejì á sáré wá na tirẹ̀, wọ́n á fi bàtà kan bàtà bí ẹni ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ọmọ àdúgbò wa yóò bá ti àdúgbò kejì figagbága. Báyìí làwọn bàbá ṣe dé. Ẹni tí kò mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà ti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n fi ọmọ náà sí lórí pápá. Wọ́n gbé àga oníke wá síbi tí a ti ń gbára dì, ikùn ṣíwájú, ẹnu tẹ̀ lé e. Ẹnì kan tí kò lè lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu rẹ̀ ń kígbe, "Sáré, ọ̀lẹ!" Gbogbo wọn ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun nínú orí wọn, ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi san owó ọkọ̀.

Alájì rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan.

"Kí lèyí? Ọmọ tèmi ló wọ ẹyọ bàtà? Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ má bínú, Alájì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn," mo dá a lóhùn.

"Òsì ló tún wọ̀ ọ́ sí. Ta ní ń fi òsì ṣe nǹkan gidi?"

Ẹnì kan dá sí i láti orí àga: "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

Gbogbo wọn mi orí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn. Ọwọ́ ló wí, ilé ló sì wí. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ náà júwe ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú mi ni mo ti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Alájì ra bàtà tuntun, pupa tó ń kọ mànà. Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Kóòṣì, ọ̀tún ni kó máa fi gbá. Mi ò fẹ́ rí òsì níbẹ̀ mọ́."

Àgbà ni, ọ̀dọ̀ mi sì làwọn ọ̀kadà rẹ̀ ti ń lẹ̀ táyà. Mo ní, "Ó dáa, sà."

"Ọ̀tún mi ò gbọ́ ti bọ́ọ̀lù, Kóòṣì," ọmọ náà sọ fún mi.

"Á gbọ́," mo ní. Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ọba, bàtà méjì lẹ́ẹ̀kan! Ṣé ẹsẹ̀ ò gbóná?" Ọmọ Alájì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń sáré bí ẹran tí wọ́n so lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, Alájì ká jálàbíà rẹ̀ sókè, ó ń bá ọmọ náà rìn lẹ́bàá pápá bí ẹni ń da màlúù. "Ọ̀tún! Ọ̀tún ni mo wí!" Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi já sí ẹsẹ̀ òsì ọmọ yìí. Aṣọ́lé àdúgbò kejì ti ṣubú, ojú góòlù ṣófo. Mo rí i tí ẹsẹ̀ òsì yẹn gbéra. Alájì tún ké. Ẹsẹ̀ dúró lókè, ó padà sílẹ̀. Ọmọ náà yí ara rẹ̀ po láti fi ọ̀tún mú bọ́ọ̀lù, ó kọsẹ̀, ó ṣubú lé e lórí. Àwọn ọmọ àdúgbò kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Àwọn tiwa náà rẹ́rìn-ín.

"Kí lo tiẹ̀ ń kọ́ wọn?" Alájì kọjú sí mi.

"Ẹ má bínú, sà." Mo tún wí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà jókòó síbi tó ṣubú sí, ó ń tú okùn bàtà. Mo rò pé ó ṣèṣe ni. Ó dìde láìwọ bàtà, ó rìn bá bàbá rẹ̀, ó na bàtà méjèèjì sí i. Ọwọ́ òsì ló fi nà án.

"Ẹ gbà, sà."

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ pàápàá mọ̀ nílẹ̀ wa pé a kì í fi òsì na nǹkan sí àgbà. Ẹni tó pa òwe lọ́jọ́sí yọ fóònù, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Fi ọ̀tún mú un," Alájì wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọ̀tún mi ò mọ nǹkan kan ṣe, sà. Ẹ̀yin náà ṣáà rí i."

Ó gbé bàtà náà kalẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó kọrí sílé.

Kò padà sí pápá mọ́. Alájì ń sọ káàkiri pé ọmọ òun ti fi eré ọmọdé sílẹ̀, ìwé ló gbájú mọ́, bí ẹni pé ọgbọ́n òun ni. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Ẹ jẹ́ kó máa wá ṣeré, Alájì."

"Eré? Ta ló ní eré ni?"

Láti ìdí àpò sìmẹ́ńtì, ọmọ náà kí mi, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ní ohùn tí wọ́n fi ń kí oníbàárà. Kò pè mí ní Kóòṣì. Ohun tí mo wá sọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ pápá ló yẹ kí n ti sọ ọ́, níṣojú gbogbo wọn.

Bàtà òkìrìkà ṣì wà lórí ìṣó mi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọ àgbẹ̀ á wá mú ọ̀tún, á fi òsì sílẹ̀. Mo ní kó wọ méjèèjì, pé kò sẹ́ni tó ń bá a pín in mọ́.

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí. "Ti ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, Kóòṣì," ó ní, ó sì sáré wọ pápá lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán.