Àǹtí Mi Tó Fọ Igi

Ẹ kí àǹtí mi ní káàárọ̀ kẹ́ ẹ rí i. Á kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn ná, kó mọ̀ bóyá àárọ̀ ni lóòótọ́, kó tó dá yín lóhùn. Àbúrò màmá mi ni, alágbàfọ̀ ni, orúkọ tí gbogbo àdúgbò sì ń pè é ni Kò-dá-mi-lójú, torí gbólóhùn tó fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ohun tó sọ náà nìyẹn. Ọkùnrin yẹn fẹ́ ẹ, ó bá a gbé, ó bá a darúgbó, ó kú. Kò tíì dá àǹtí mi lójú dòní.

Èmi ló kù tí mò ń bá a gbé. Yàrá méjì la ní lẹ́yìn ìdíkọ̀ rélùwéè. Inú ọ̀kan la ń sùn. Inú èkejì kún fún bàsíà, ọṣẹ, tábìlì tó fi ń lọṣọ, àti ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíì tó so kọ́ yí ògiri ká. Tí iná bá lọ, èèyàn á rò pé àwọn kan ló ń ṣèpàdé níbẹ̀, tí wọ́n gbàgbé orí wọn sílé.

Àmọ́ kì í ṣe yàrá yẹn ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ gan-an. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni pápá tó wà láàárín ilé wa àti ìdíkọ̀. Koríko ni, pẹ̀lú àwọn igi ńláńlá tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ara igi wọ̀nyẹn ló ń so okùn mọ́ tó ń sá aṣọ sí: aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ọmọ jòjòló. Ìgbà kan tí òjò ò dá, ó sá wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Àwọn oníbàárà kó o padà wá, wọ́n ní ó ń rùn bí ajá tó wẹ̀ tí ò gbẹ. Ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé bí wọ́n bá gba pápá yẹn lọ́wọ́ òun, kí n kúkú lọ ra pósí wá.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí iléeṣẹ́ kan fi wá sọ pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé alájà púpọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdíkọ̀, kí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kó sì ti délé. Ẹ má wojú mi o, inú mi dùn. Fóònù ni mò ń tún ṣe lẹ́nu géètì rélùwéè, agbòòrùn ni òrùlé mi. Tí ìjì bá jà, èmi àti agbòòrùn la jọ ń sáré. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn, ta ni ò fẹ́? Káfíńtà tó ń gbé lódìkejì wa tiẹ̀ fẹ́ ẹ jù mí lọ, torí ilé tuntun ló ń wá ilẹ̀kùn tuntun. Àwọn tó lọ́mọ ní níbo làwọn ọmọ á ti wá máa sáré. Àwọn arúgbó ní abẹ́ igi yẹn nìkan ni ọkàn àwọn ti ń balẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn wọ gbogbo ilé. Nínú ilé tiwa, èmi lápá ọ̀tún, àǹtí mi lápá òsì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà láàárín.

Ọkùnrin tí iléeṣẹ́ yẹn rán wá máa ń wọ bàtà funfun. Ẹrẹ̀ àdúgbò wa ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, síbẹ̀ bàtà yẹn kì í ní àbàwọ́n. Ìyẹn nìkan ti tó fún àǹtí mi.

"Ẹni tó bá rin ẹrẹ̀ tí bàtà ẹ̀ ò dọ̀tí," ló wí, "kò rìn ín ni. Wọ́n gbé e sọdá ni. Ta ló gbé e?"

Bàbá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága àdúgbò. Inú kíláàsì kan ló pe ìpàdé àkọ́kọ́ sí, gbogbo wa há sórí àga ọmọdé, orúnkún ń kan àgbọ̀n. Oníbàtà Funfun ní àwọn ò ní gba gbogbo ẹ̀, pé apá kan pápá náà á ṣẹ́ kù pẹ̀lú igi ẹ̀. Àǹtí mi bi í pé apá wo. Ó ní kí màmá fọkàn balẹ̀, tó bá yá gbogbo wa máa rí i. Bá a ṣe ń lọ sílé ló ń kùn sí mi létí pé ẹni tó bá ní o máa rí i, kò tíì sọ ohun tó o máa rí.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ó gbé aṣọ jáde láàárọ̀ kùtù, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ló bá sáré padà wá jí mi. Mo bá a jáde. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun yí ìdí àwọn igi kan ká, bí ẹni fi bẹ́líìtì dì wọ́n lábẹ́ ikùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa iṣẹ́ àǹtí mi. Aṣọ tí ò níṣòro, kì í sàmì sí i. Èyí tó ní àbàwọ́n burúkú ló máa ń so òwú pupa mọ́, kó lè yà á sọ́tọ̀ fún omi gbígbóná, fún búrọ́ọ̀ṣì, fún ìyà. Lójú tiẹ̀, nǹkan tí wọ́n bá sàmì sí, ìyà ló ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Ọ̀dà funfun lèmi rí lára igi. Òwú pupa lòun rí.

"Èyí tí wọ́n fẹ́ gé nìyí," ló wí. "Ẹ̀yìn wa ni wọ́n ti wá ṣe é, bí olè."

Mo ní bóyá ká kọ́kọ́ bi Bàbá Tíṣà. Ó ní kò dá òun lójú pé Bàbá Tíṣà ò sí nínú ẹ̀. Ó ní pańsá ò fura, pańsá já síná. Ó gbé kẹrosíìnì, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n pọnmi. Kí ẹnikẹ́ni tó gba pápá kọjá, ó ti fọ gbogbo ẹ̀ tán. Kò sí àbàwọ́n tó ń bá àǹtí mi jà kó borí. Èèpo igi mọ́ bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n wá wá a báyìí, ló bá ń sá aṣọ ẹ̀ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

Orí pápá gan-an la ti ṣe ìpàdé kejì. Oníbàtà Funfun kó òṣìṣẹ́ wá pẹ̀lú ayùn elẹ́ńjìnnì. Ó ní gbogbo igi tí àwọn fi ọ̀dà funfun yí ká, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, ilẹ̀ tó yí wọn ká sì di ti àdúgbò títí láé. Èyí tí ò ní ọ̀dà nìkan ló máa lọ. Ló bá yíjú padà, kó nawọ́ sí i fún wa.

Kò sí funfun kankan níbẹ̀ àfi aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì tí àǹtí mi sá.

Bàbá Tíṣà yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó ní òun ò rí ọ̀dà, òun ò sì rí i rí. Lèrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó pé wọ́n fẹ́ fi wá ṣe ọ̀bọ. Oníbàtà Funfun náà gbaná jẹ. Ó ní àwọn kùn ún, ẹnì kan nínú wa ló pa á rẹ́ kó lè dá ìjà sílẹ̀. Ó ní àṣẹ tí wọ́n fún òun ò ta kókó: èyí tí ò bá ní ọ̀dà, kí wọ́n gé e. Tí ò bá wá sí ọ̀dà lára ìkankan, à jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ń lọ nìyẹn, láti ojú títì dé ẹ̀yìn ilé wa.

Ni ojú bá yí sí Káfíńtà. Ta ló ń wá pákó? Ta ló ti ń wọn ilẹ̀kùn ilé tí wọn ò tíì kọ́? Ẹnì kan ti di kọ́là ẹ̀ mú. Ó ń búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Mo wo àǹtí mi. Ó di etí ìró ẹ̀ mú, ó ń fún un bí ẹni pé omi wà lára ẹ̀. Tó bá dákẹ́, pápá lọ, Káfíńtà á sì ru ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo ayé á gbọ́ pé ẹni tó ń kìlọ̀ kòtò fún wọn ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọnú ẹ̀.

"Ẹ fi ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"O fọ kí ni?" Bàbá Tíṣà bi í.

"Igi ni, bàbá."

Káfíńtà, tí wọ́n ṣì di kọ́là ẹ̀ mú, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àǹtí yìí náà. Ṣé wọ́n ti ń gba igi fọ̀ ni? Ẹ ò ṣe kúkú lọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín bú jáde, àmọ́ kò pẹ́. Obìnrin kan lẹ́yìn ní kí wọ́n bi í ta ló rán an. Òmíì ní bóyá iléeṣẹ́ ti fún un ní nǹkan. Ìfura tó ti ń pín fún gbogbo àdúgbò láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a, wọ́n dá a padà fún un.

Oníbàtà Funfun ní ó dáa, kó nawọ́ sí èyí tó fọ̀, òun á tún un kùn. Ó ní àwọn tó kùn ún ti lọ síṣẹ́ míì, òun ò sí níbẹ̀. Mo yára sọ sí àǹtí mi létí pé kó nawọ́ sí gbogbo igi tó wà níbẹ̀, ta ló máa mọ̀.

"Kò dá mi lójú pé kò mọ̀ ọ́n," ló fi dá mi lóhùn, ohùn ẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. "Ó ń dán mi wò ni. Tí mo bá fi ẹyọ kan lé e, á ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Ló bá ń lọ láti ìdí igi dé ìdí igi, ó ń fọwọ́ kan ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ti há èèpo. Ọkùnrin yẹn ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú agolo ọ̀dà, àwa ń tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Kò fi ọ̀kan lé e, kò yọ ọ̀kan kúrò, àfi ìgbà tó dé ìdí igi wíwọ́ tó wà lápá ìdíkọ̀. Ara igi yẹn ni okùn ẹ̀ tó gùn jù parí sí. Èmi ni mo pọnmi lọ́jọ́sí, mo mọ̀ pé a ò fọ igi yẹn rárá. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Èyí náà."

Oníbàtà Funfun wo igi náà. Eruku wà lára ẹ̀, èèrà tò lọ sókè lára ẹ̀ láìyà. Afọ́jú á mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì ò débẹ̀ rí. Ó wo okùn tó ti jẹ wọnú èèpo. Ó wo ojú àǹtí mi, àǹtí mi náà ń wò ó. Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó kùn ún yí ká, ọ̀dà sì kán sí bàtà ẹ̀.

Wọ́n ti kọ́ ilé yẹn báyìí. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, Káfíńtà ló ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀, kì í tì dáadáa. Pápá ti kéré, àmọ́ ó wà, igi wà, aṣọ ń gbẹ. Ẹ ò ní gbọ́ kí àǹtí mi dúpẹ́. Ohun tó ń bi mi títí dòní ni pé kí ló dé tí ọkùnrin yẹn fi gbà. Mo ní ó ṣàánú ẹ̀ ni. Ó ní kò dá òun lójú, ẹni tó bá tètè gbà, ó ní ibi tó ń lọ.

Kó tó sá aṣọ láàárọ̀, á kọ́kọ́ lọ sídìí igi wíwọ́ yẹn, á fi itọ́ sí àtàǹpàkò, á fi ra ọ̀dà ara ẹ̀ wò. Tí òjò bá ti mú un ṣá, òun fúnra ẹ̀ á tún un kùn, òun tó fi kẹrosíìnì fọ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo jáde ní ṣọ́ọ̀bù, mo lọ fara ti igi náà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti dé ẹ̀yìn mi.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Àǹtí, mo kàn fara tì í ni."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù mi, ó fojú wọn bó ṣe jìnnà sí igi tó. Ló bá gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí wọn padà, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé wọn símú bóyá á gbọ́ òórùn kẹrosíìnì lára wọn.