Bí Ẹlẹ́nu Ṣe Di Olùkọ́ Mọ́tò

Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹlẹ́nu nílé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, ṣubú lulẹ̀ tó sì kú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀ láìfi tó ẹnikẹ́ni létí.

Ẹlẹ́nu ò sunkún. Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé olóògbé ti lọ sinmi. Ẹlẹ́nu ní ẹni tó máa ń sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí, ìsinmi wo ló tún kù tó ń wá? Ìyá rẹ̀ lé e wọ yàrá.

Látìgbà náà, kò lọ síbi tó ti ń kọ́ irun ṣíṣe mọ́. Inú mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀, kò sì ní ṣíná rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin wá kan gíláàsì mọ́tò náà. Àǹtí yìí ló sunkún jù níbi ìsìnkú, títí ohùn fi há. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí Ẹlẹ́nu sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jókòó sídìí sítíárì.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú,” ó ní, “ó wá kú kó tó kọ́ mi ní rífáàsì. Tí mo bá dé ibi tí ọ̀nà ti pin, ṣé ibẹ̀ ni kí n máa gbé?”

Ẹlẹ́nu, tó ti mọ ọkọ̀ wà tipẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í júwe fún un. Àǹtí wo ẹ̀yìn, ó tẹ tìrótù mọ́lẹ̀, mọ́tò sì sáré fẹ̀yìn lọ gbá àgbá ìdọ̀tí aládùúgbò wọn dànù.

“Àǹtí, bíréèkì ni mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀! Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bá a lọ́run!”

Ni Àǹtí bá bú sẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́nu náà bú sẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sunkún títí ikùn fi ń dùn ún. Àǹtí ò sọ pé kó má sunkún mọ́. Ó kàn ń fi ìṣẹ́tí gèlè nu imú fún un bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ lọ kó ìdọ̀tí.

Àǹtí fìdí rẹmi nínú ìdánwò mọ́tò wíwà àkọ́kọ́, ó yege nínú ìkejì, ó sì ròyìn olùkọ́ rẹ̀ kiri. Báyìí, Ẹlẹ́nu ti ní akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í láìpẹ́ yìí bóyá ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní òun ò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ òun kan tó ń ṣe búrẹ́dì ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà, kò sì tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún.