Àkọ́bí Ìyá Ló Ṣan Pọ́ǹpù Oògùn Sínú Ìsun

Ohun tójú mi rí ní ìsun omi Manigri, ìlú wa, lónìí, ó ń rí mi lára títí di báyìí.

Ẹgbẹ́ wa lọ kó ẹrẹ̀ inú ìsun náà, ní ìrántí ìyá àgbà tó ṣọ́ ọ títí ó fi kú. Nígbà ayé ìyá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà débẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán ni mo rí àkọ́bí ìyá fúnra rẹ̀, tó ń ṣan pọ́ǹpù tó fi ń fín oògùn apakoríko lóko kajú, ìyẹn kaṣú. Lójú ìsun gan-an!

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Ṣebí omi tó ń ṣàn ni. Á gbé e lọ."

"Síbo?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó wá síbi ìrántí náà, wọ́n ti bu omi ìsun sí igbá. Àkọ́bí olóògbé ló ń kọ́kọ́ mu irú omi ìrántí bẹ́ẹ̀ nílùú wa. Ó ní ọ̀fun ń dun òun, ó gbé igbá fún àbúrò ìyá rẹ̀, ó sì fi eyín ya omi ọ̀rá tirẹ̀ mu.

Mo já igbá gbà, mo da omi náà nù.

Ni wọ́n bá ní mi ò bọ̀wọ̀ fún òkú.

Ẹ̀yin ará, èmi ni àbí òun?