Àlùmọ́gàjí Stoyanka ní Etíkun Ṣẹnjín

Obìnrin tó ti sin ọkọ, tó sin ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó sì tún fi ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ sábẹ́ yìnyín lórí òkè Alibéníà, kí lẹ tún fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Bí Stoyanka ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tó dé etíkun Ṣẹnjín. Vída ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, ló pọ̀n sẹ́yìn. Ẹrù tó kù nínú àpò rẹ̀ kò ju iyọ̀ díẹ̀ lọ, àti àlùmọ́gàjí tó fi ń rẹ́ irun àgùntàn nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ilé.

Ọ̀tá ti gba Sẹ́bíà. Àwọn ọmọ ogun wa fẹsẹ̀ la òkè já, ebi sọ wọ́n di egungun, wọ́n wá dúró sínú ẹrẹ̀ de ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sí erékùṣù Kọ́fù. Ọkọ̀ kò tètè dé. Wọ́n ní àwọn ọba ń kọ̀wé síra wọn. Nígbà tí ọkọ̀ sì dé, ohun tí gbogbo etíkun ń sọ ni pé ìbátan ló fà á: ọba wa àti ọba Ítálì, ilé kan náà ni wọ́n ti fẹ́yàwó.

Omi etíkun kò jìn, nítorí náà ọkọ̀ ńlá dúró lókèèrè, àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ sì ń kó àwọn sójà lọ bá a. Jọ̀n, ará òkè ibẹ̀, ló ni ọkọ̀ àjẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀gá sójà Ítálì kan tó ń jẹ́ Salvi, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló dúró tì í, òun náà yóò sì bá a lọ. Lẹ́yìn ọkọ̀ ti òní, kò sí òmíràn mọ́. Ìró àgbá ọ̀tá ti ń dé etí.

Stoyanka ní kí wọ́n gbé òun àti ọmọ náà. Jọ̀n gbọ́ èdè rẹ̀ àti ti Salvi, òun ló ń túmọ̀. "Ó ní sójà nìkan, Ìyá. Ó ní kí ẹ̀yin obìnrin máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Dúrésì."

"Bi í bóyá ìyá tiẹ̀ lè rìn ín."

"Mi ò lè bi í bẹ́ẹ̀."

"Irùngbọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ń bẹ̀rù ọmọ tí kò tíì hu tiẹ̀!"

Jọ̀n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bi í.

Stoyanka jókòó sórí iyanrìn. Ọjọ́ Jòhánù Mímọ́ ni, ọjọ́ tí ilé rẹ̀ máa ń tan àbẹ́là tí wọ́n sì ń bu búrẹ́dì. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá fi Ọlọ́run àti Jòhánù Mímọ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o gé irun àkọ́gé ọmọ òun, kò sí pé o kọ̀. Bí o bá sì ti gé e, o ti di kúmù rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n ẹni gan-an, bó bá ti gé irun ọmọ ẹni, ìjà parí. Kúmù ju ọmọ ìyá lọ. Abẹ kò sì tíì kan orí Vída rí. Ẹ̀yìn ìkórè ni bàbá rẹ̀ fi gígé irun náà sí, ogun ló wá dípò ìkórè.

Ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó yọ àlùmọ́gàjí. "Sọ fún un pé, ní orúkọ Ọlọ́run àti Jòhánù Mímọ́, kó bá mi gé irun ọmọ yìí."

Jọ̀n wò ó títí. Wọ́n ń gé irun báyẹn ní òkè tiẹ̀ náà. Ó wúkọ́, ó túmọ̀ rẹ̀ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó so mọ́ ọn.

"Ó ń béèrè bóyá iná ló wà lórí ọmọ."

"Iná wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kó gé e."

Salvi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba àlùmọ́gàjí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gé díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó gé díẹ̀ lápá òsì. Vída di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fà á já. Ó gé ẹ̀kẹta. Kó tó nà ró, Stoyanka ti fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Kúmù mi!"

Gbogbo etíkun gbọ́. Àwọn sójà tí wọn kò rẹ́rìn-ín láti orí yìnyín ṣí fìlà. "Ẹ kú oríire, kúmù!"

"Kí ni wọ́n ń wí?" Salvi béèrè. Jọ̀n sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n kuku. "Sọ fún un pé èmi kì í ṣe ará ilẹ̀ wọn. Àṣà wọn kò dè mí."

Stoyanka dìde. "Ṣé ará Sẹ́bíà wá ni ọba tiẹ̀? Kí ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ débí? Torí pé ọmọbìnrin méjì jáde nílé kan ni. Ti ọba ń jẹ́ ìbátan, tèmi ń jẹ́ kí ni? Àbí irun orí ọmọ mi kì í ṣe irun? Sọ ọ́ fún un tán o, Jọ̀n, má bù ú kù!"

Jọ̀n kò bù ú kù.

"Àṣẹ ni àṣẹ," ni Salvi wí.

Jọ̀n gbé àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí iyanrìn. "Ọ̀gá, ẹ wà á fúnra yín. Bí mo bá gbé kúmù lọ tí mo fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ létí omi, irú ojú wo ni màá fi wo àwọn ará ilé mi?"

Ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ti ń kùn bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè. Salvi wo òkè, ó wo àjẹ̀, ó wo Vída tó ti ki bọ́tìnnì bọ ẹnu. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ àjẹ̀, ó kọjú sí igbó òfìfo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ igbó náà, bí ẹni ń pàṣẹ fún sójà, pé kó tò dáadáa.

"Wọlé, Ìyá," ni Jọ̀n wí, "kó tó rántí pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀."

Nígbà tí Salvi náà wọlé tí wọ́n dé ojú omi, sójà kan bi Stoyanka pé kí ló dé tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá.

"Ta ló ń dúpẹ́ pé ẹbí ṣe ojúṣe ẹbí? Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Kó wá gbà á nílé."

Ó fọ aṣọ àwọn sójà ní Kọ́fù títí ogun fi parí, ó padà sílé tí kò ní òrùlé mọ́, ó sì bò ó padà. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Jòhánù Mímọ́, ó ń gbé ife ọtí kan síwájú àga kan, àga kúmù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbọdọ̀ jókòó sí. Àlùfáà sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń lọ, pé kúmù bẹ́ẹ̀ kò múlẹ̀.

"Ẹ dúró kó dé," ni Stoyanka dá a lóhùn, "kí ẹ sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Salvi kò dé. Stoyanka ti kú báyìí. Vída ló ń gbé ife náà kalẹ̀, bọ́tìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó láyà láti jókòó sí àga náà.