Abẹ́rẹ́ Tó Ṣáájú Ọ̀bẹ

Wọn kò tíì fi ọ̀bẹ kan ọkọ mi lára tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ egbò. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn, òun náà ni mo sì fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi bá mi kọ sílẹ̀, torí èmi ò mọ̀wé. Ó ní kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ òun lè bá ẹnu mi. Ó dáa, màá gbìyànjú.

Kàdúná la wà, ní Tudun Wada, lẹ́yìn tí a ti gba òmìnira, kí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba. Ìlọrin la ti wá. Àáfà ni ọkọ mi, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lábẹ́ igi iwájú ilé. Èmi ń ta ẹ̀wà ní ọjà Kasuwan Barci. Ìyá ọkọ mi ń bá wa gbé, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nílé ayé sì ni ọkọ mi yìí.

Ìpákè ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá tẹ̀ ba lórí ìrun, á yọ síta nísàlẹ̀ ikùn bí ọsàn, á sì rọra fọwọ́ tì í padà kó tó forí kanlẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti ń fi bẹ́ẹ̀ bá a yí. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ó yọ, ó kọ̀, kò padà títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ní àfi kí wọ́n là á, kí wọ́n rán ibẹ̀ pa.

Mo bá a dé wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó wá gún un lábẹ́rẹ́, ọkùnrin ni, ọmọ ìlú kan lápá Kàbbà. Yorùbá tirẹ̀ ń dún lọ́tọ̀ sí tiwa, àmọ́ a gbọ́ra wa yé.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, abẹ́rẹ́ kí nìyẹn?"

"Ti egbò ni, ìyàwó Àáfà. Kí egbò má baà kẹ̀."

"Egbò wo? Ẹ ò tíì gé e!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń retí rẹ̀ ní tíátà. Tí mo bá ráyè, màá ṣàlàyé fún yín."

Ọkọ mi gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì oníwíìlì tí wọ́n fẹ́ fi tì í lọ, ó ní, "Obìnrin yìí, tí málékà ikú bá dé, ìwọ lo máa kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń wá."

Wọ́n là á, wọ́n rán an, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n tún gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tán. Ilẹ̀ mọ́, kò sí abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kejì, kò sí. Nọ́ọ̀sì á kọjá pẹ̀lú àwo abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, á bá ọkọ mi dọ́wẹ̀ẹ́kẹ̀, á kọjá síbi bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e.

Bíríkìlà kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ọmọ Ọ̀fà. Irin ló gé e nítan níbi iṣẹ́, ó sì fi aṣọ àti ewé dì í fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà láti wá sílé ìwòsàn. Òórùn itan ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí n lè gbé oúnjẹ kalẹ̀. Wọ́n ń gún òun láàárọ̀, wọ́n ń gún un lọ́sàn-án, wọ́n ń gún un lálẹ́, ó sì ń fi yangàn.

"Àáfà, ó mà jọ pé wọ́n ti gbàgbé yín o!"

"Ọlọ́run ò gbàgbé mi," ni ọkọ mi máa ń dá a lóhùn. Àmọ́ mo rí i pé òun náà ti ń fojú tẹ̀ lé àwo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń kọjá.

Nígbà tí mo délé tí mo rò ó fún ìyá ọkọ mi, ó fi gèlè nu ojú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré? Ọmọ ọlọ́mọ ń gba mẹ́ta lójúmọ́, ti tèmi ẹ̀ẹ̀mejì péré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí lo sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Mo kàn bi í léèrè ni."

"Mo mọ̀! Ẹnu rẹ yẹn! O bi í, bi í, bi í, inú ti bí i. Ìwọ lo fẹnu gba abẹ́rẹ́ lára ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ìbéèrè mi pọ̀ jù, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ rí pé ó lè pa èèyàn. Nígbà tí Ìyá wá ní kí a lọ bá mai allura, ọkùnrin tó máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ káàkiri ọjà, mi ò lè jiyàn. Gbogbo Kasuwan Barci ló mọ̀ ọ́n. Inú agolo tábà ló ń kó pẹnisílíìnì sí, ó sì máa ń fi abẹ́rẹ́ há ara fìlà. Ó gbà pé lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, òun á bá Ìyá wá sí wọ́ọ̀dù bí ẹni wá kí aláìsàn, òun á sì gún ọkọ mi lábẹ́ aṣọ ìbora.

Àárọ̀ Jímọ̀ yẹn, mo wà nídìí àpò ẹ̀wà mi nígbà tí obìnrin Hausa kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi dé. Kósáì, àkàrà àwọn Hausa, ló ń dín tà. Ó gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ gbì!

"Haba, mai wake! Wo nǹkan tí o tà fún mi!"

Mo wo inú igbá náà. Kòkòrò ń rìn nínú ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ ti lu ihò, ó ti ń di ìyẹ̀fun. Èdè Hausa la fi ń sọ ọ́, mai wake ni wọ́n ń pe ẹlẹ́wà. Mo bi í bóyá ó fi ata gbígbẹ sí i.

"Mo fi sí i mana! Ata tó pọ̀! Àná tí mo rí kòkòrò ni mo dà á sí i."

"Àná? Kòkòrò ti wọlé kí o tó fi ata sí i. Ata kì í lé èyí tó ti wà nínú ẹ̀wà. Ọjọ́ tí ẹ̀wà bá wọlé ni ata ń wọlé, nígbà tí o kò tíì rí..."

Ọwọ́ mi ṣì wà nínú àpò. Mo ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́ sí mi létí.

Mo fi ẹ̀wà tuntun rọ́pò fún obìnrin náà, mo ní kí aládùúgbò bá mi ṣọ́ àpò, mo sì forí lé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wà nídìí sítóòfù, ó ń bọ abẹ́rẹ́ nínú omi bí ẹni ń bọ ẹyin.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Abẹ́rẹ́ tí ẹ gún ọkọ mi kí wọ́n tó là á yẹn, ṣé bí ata inú ẹ̀wà ni?"

Ó yíjú sí mi. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀wà ni."

Ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí ọ̀bẹ bá gbà wọlé ni àwọn kòkòrò tí ojú kì í rí ń bá a wọlé, oògùn sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa dè wọ́n. Tí wọ́n bá ti rán ibẹ̀ pa, iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti bíríkìlà yàtọ̀, òun gbé kòkòrò tirẹ̀ wá láti ilé, ogun ni wọ́n ń bá a jà.

"Ẹ wá fi kún ti ọkọ mi náà, kí ọkàn wa lè balẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ojoojúmọ́ lẹ máa ń bu ata kún ẹ̀wà?"

"Rárá o! Ta ló máa jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ara àwọn kan máa ń kọ oògùn yìí, á wú bí búrẹ́dì. A kì í fún ẹni tí kò nílò rẹ̀." Ó tún ní, "Mi ò sọ pé kò lè kẹ̀ o, ìyàwó Àáfà. Ìgbà míì, ó máa ń kẹ̀ náà. Ọjọ́ tí a bá tú bándéèjì la máa mọ̀."

Mo tún wo omi tó ń hó lórí abẹ́rẹ́, mo sì rántí fìlà mai allura.

Ẹnu géètì ni mo ti lọ dúró. Lẹ́yìn ìrun, àwọn méjèèjì yọ, Ìyá wà níwájú. Mo ní kí mai allura máa lọ, a ò nílò rẹ̀ mọ́. Ó gbé èjìká, ó ní, "To, shi ke nan," pé kò burú, ó sì yà síbi oníkunú. Ìyá kò bá a lọ. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tí egbò ọmọ mi bá kẹ̀, ẹnu rẹ ló pa á. Mo ti sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n tó tú bándéèjì. Ọmọ mi, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀wà kì í ṣe èèyàn. Àwọn àpò kan sì wà tí mo fi ata sí lásìkò, tí kòkòrò tún jẹ ẹ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé, màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí ọkọ mi bóyá ó gbóná. Ìyá ò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, àyàfi "gbé omi wá".

Ọjọ́ pé. Ìyá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Nọ́ọ̀sì rọra ń tú u, ìpele kan, ìpele kejì. Èyí tó kẹ́yìn lẹ̀ mọ́ ara díẹ̀, ó fi omi rọ̀ ọ́, ó ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń gbóòórùn rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ki imú bọ àpò kí n tó rà á.

Ọkọ mi pariwo. "Ṣé ẹ̀wà ni mí ni?"

Kò rùn. Ojú ibẹ̀ gbẹ, ó pa dé, kò sí ọyún, okùn tí wọ́n fi rán an nìkan ló tò lórí rẹ̀. Bíríkìlà na ọrùn látorí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ láti wò ó.

Ìyá dìde, ó wò ó fínnífínní. Ó ní, "Alihamudulilahi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó tún jókòó, ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀, ó wá fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bi í, ìgbà wo ló lè padà máa tẹ̀ ba kírun?"