Ẹyẹ Tí Ọkọ Mi Kò Jẹ́ Kó Sinmi

N kò fẹ́ràn ẹyẹ nínú ilé. N kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní olónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń mú inú ilé dùn, kó lọ bá ẹlòmíràn. Inú ìbínú ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn, nítorí pé èmi ni mò ń gbá ìgbẹ́ wọn, èmi ni ariwo wọn ń jí láràárọ̀, ọkọ mi sì ni àwọn àlejò ń yìn fún wọn.

Òyìnbó kan tó ń bá ọkọ mi kọ́ni ní Yunifásítì ló kó wọn fún un. Ìgbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ni, tí àwọn òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní Bódìjà jogún fíríìjì, àwọn kan jogún ọkọ̀. Ẹyẹ ni tiwa. Méjì ni wọ́n, akọ kan, abo kan, wọn kò ju àtàǹpàkò lọ, ẹnu wọn pupa bí ata. Fínṣì ni òyìnbó pè wọ́n. Inú àgò wáyà ńlá ni wọ́n wà, pẹ̀lú agbọ̀n róbótó kan tó ní ihò níwájú, tí a so kọ́ sí igun fún ìtẹ́ wọn.

Òyìnbó náà kìlọ̀ fún ọkọ mi níṣojú mi. Ó ní bí wọ́n bá ti pa ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, kó yọ agbọ̀n náà, kó má sì fún wọn ní koríko mọ́. Ó ní bí wọ́n bá ṣì ń rí agbọ̀n àti koríko, wọn kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Ọkọ mi mi orí. Mo mọ irú orí mímì yẹn dáadáa.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi ló gbé àgò náà sí, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Akọ ló ń fi ẹnu kó koríko wọlé, abo ló ń tò ó. Láràárọ̀ ni abo ń yé ẹyin kan, funfun, tí kò tóbi ju ẹ̀wà sèsé lọ. Kì í fara balẹ̀ sàba lé àkọ́kọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n bá tó mẹ́ta mẹ́rin kó tó jókòó lé wọn. Nígbà náà ni akọ á máa gbà á lẹ́nu iṣẹ́. Á wọlé jókòó lé ẹyin, abo á jáde wá jẹun, á na ìyẹ́ rẹ̀, á fò díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn méjèèjì á jọ wọlé. Èyí nìkan ló wù mí lára wọn, mo sì rí i dájú pé ọkọ mi gbọ́.

"Dádì, ẹ wá wo akọ tó ń sàba o."

"Ìwà ẹranko nìyẹn," ló wí, ó sì ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ sí ojú ìwé kejì.

Ọkọ mi kò lè fi nǹkan sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Nílé bàbá rẹ̀ nínú ìlú, bí adìẹ bá ń yé, wọ́n á máa kó ẹyin rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ẹyọ kan kù sínú ìtẹ́ kó má baà kọ ìtẹ́ náà sílẹ̀, adìẹ á sì máa yé lọ. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kó ẹyin ẹyẹ sínú agolo mílíìkì tó tẹ́ òwú sí, ó ń ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Abo á wọlé, á bá ẹyọ kan, á tún yé òmíràn. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ tó bó ṣe wù ú, á kó gbogbo wọn padà sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n adìẹ ń rìn káàkiri, ó ń tan ilẹ̀, ó ń ṣa ìdin àti òkúta wẹ́wẹ́ àti èèpo ẹyin jẹ. Ọkà bàbà nìkan ni ẹyẹ inú àgò ń rí. Láti inú egungun rẹ̀ ló ti ń fa ohun tó fi ń ṣe èèpo ẹyin jáde.

Àwọn ọmọ ẹyẹ kò tíì mọ oúnjẹ jẹ fúnra wọn tán, wọ́n ṣì ń la ẹnu sókè ké sí ìyá wọn, ọkọ mi á ti máa ki koríko tuntun bọ inú agbọ̀n. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wá mu mínírà, á máa pín ọmọ ẹyẹ fún wọn nínú páálí bàtà. Wọ́n ń pè é ní bàbá ẹlẹ́yẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Inú àkókò yìí ni mo bí ọmọ kẹta. Obìnrin ni, bí àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì súnmọ́ra débi pé mo ń pọn ọ̀kan, mo ń fa ọ̀kan lọ́wọ́, òmíràn wà nínú. Ẹ̀jẹ̀ ya lára mi lọ́jọ́ náà títí mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì bí ẹni pé wọ́n wà ní òdì kejì títì. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, dókítà pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní kí a fi ọdún mẹ́ta sí i, ó kéré tán. Ó ní bí oyún mìíràn bá tètè dé, òun kò lè ṣèlérí pé èmi á yè é. Ọkọ mi mi orí.

Ìyá rẹ̀ wá láti inú ìlú láti wá wẹ ọmọ. Ó gbé ọṣẹ dúdú wá, ó gbé kàn-ìn-kàn-ìn wá, ó gbé ẹní rẹ̀ wá. Ó tẹ́ ẹní náà sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi gan-an, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fo orí rẹ̀ kọjá. Ọkọ mi kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá ìkàwé.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan kan: mo kórìíra obìnrin náà, òun náà kò sì fẹ́ràn mi rárá. Ó ní ọbẹ̀ mi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ó ní wọ́n kọ́ mi ní ìwé, wọn kò kọ́ mi nílé. Ó fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi títí mo fi ké, ó sì ní kí n pa ẹnu mi dé, pé kì í ṣe èmi ni màá kọ́kọ́ bímọ láyé. Bó bá sùn, ìhanrun rẹ̀ ń mi gíláàsì fèrèsé. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo retí pé kó máa lọ. Kò lọ.

Ọkọ mi náà retí bẹ́ẹ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá Màmá kò ní ìsọ̀ lọ́jà mọ́ ni. Ó ní obìnrin la tún bí, àfi ká tètè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kí n rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sílé. Òun tó jẹ́ ọmọ kò lè lé ìyá rẹ̀, ìyàwó ló fẹ́ kó lé ìyá ọkọ.

Ojoojúmọ́ ló ń wù mí kí obìnrin yẹn gbé kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ kúrò nílé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ẹní rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Láyé tiwọn, ìyá ọlọ́mọ kì í padà sọ́dọ̀ ọkọ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú, ìyá ọkọ ló sì ń ṣọ́ ọ. Mo ti pe àṣà yẹn ní ìwà ará àtijọ́ rí, nígbà tí ara mi ṣì le. Ní báyìí, ẹní yẹn nìkan ló wà láàárín èmi àti sàárè. N kò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀.

Ìbínú mi wá já sórí agbọ̀n ẹyẹ. Mo já a lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo kó gbogbo koríko dànù. Ní àárọ̀ kejì, abo náà yé ẹyin sínú abọ́ oúnjẹ.

Ọkọ mi pè mí wá wò ó. "Ṣé o rí i? Ó ń wù ú. Ta ló fipá mú un?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kó koríko fún un."

"Koríko lásán?"

"Wọ́n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Òyìnbó yẹn kì í ṣe dókítà."

"Dókítà náà sọ fún yín."

Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀ tó ń wẹ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ mi, ṣáà ń da omi lé ọmọ lórí. Ọkọ mi gbé agbọ̀n, ó so ó padà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá ọ̀nà mìíràn gbà. Ó ní òun fẹ́ gbé Màmá lọ kí àwọn ará ilé, pé wọ́n ń bèèrè wọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mọ̀ pé kò ní gbé e padà wá. Ó ti gbé àpótí ìyá rẹ̀ sínú búùtù kí ìyẹn tó jẹun àárọ̀ tán. Obìnrin náà ká ẹní rẹ̀, ó fi okùn dì í, ó gbé e tì sí ògiri. Kò wò mí. Mo dúró pẹ̀lú ọmọ láyà, mo sì bínú sí i pé ó ń lọ, èmi tí mo ti ń gbàdúrà pé kó lọ.

Ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde nígbà tó dúró lójijì. Abo ẹyẹ wà nílẹ̀ àgò, ó wú bí òwú, ojú rẹ̀ dé, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Akọ wà lórí igi, koríko wà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà ṣí àgò, ó gbé ẹyẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka kan tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

"Ẹyin ti há sí i nídìí. Gbé epo wá, gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, tètè!"

Mo sáré gbé e wá. Ó fi epo pa á nídìí, ó gbé e sórí omi kí ooru rẹ̀ lè dé ibẹ̀, ó ń fi ìka rọra rọ̀ ọ́. Ẹyẹ náà la ẹnu pupa yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohùn. Ó kú sí i lọ́wọ́. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ yí i padà.

Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe adìẹ nílé wa náà ni mo ṣe, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Adìẹ ni mo kọ́ ẹ. Nígbà tí adìẹ mi bá ń kó ọmọ kiri, ta lo rí tó ń tẹ́ ìtẹ́ mìíràn fún un? Ṣé mo kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Màmá, oòrùn ti ń mú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Lọ gbé ẹrù mi wọlé."

"Màmá..."

"Mo ní kó o lọ gbé ẹrù mi wọlé!" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, kí lo dúró tí ò ń wò bí ère? O ò rí i pé ọmọ ń pọ̀ sí ẹ láyà?" Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sí ara ìró mi, ìró àǹkárá tuntun. Ó já agbọ̀n ẹyẹ sílẹ̀, ó jù ú sábẹ́ ìkòkò omi ìwẹ̀ ọmọ, iná sì mú un.

Èmi fúnra mi ni mo tú okùn ara ẹní náà. Mo tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà, mo fà á títí etí rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn. Ó ní mo tẹ́ ẹ wọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọkọ mi kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Mo fẹ́ mú ìwé kan níbẹ̀."

"Dárúkọ ẹ̀. Ìyàwó ẹ á mú un fún ẹ."

Mo dìde jókòó lórí ibùsùn.

"Ìwé wo ni, Dádì?"

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà lọ sí yàrá ìkàwé. Ìyá rẹ̀ kẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n pa iná, pé kì í ṣe bàbá mi ló ń san owó rẹ̀. Mo pa á.

Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ọmọ fi já lẹ́nu ọmú, tó ń sáré kiri àgbàlá, tó ń bú u padà bó bá bú u. Èmi àti òun kò bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ rere kan títí ó fi lọ. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè.