Ẹni tó Bá Ìyàn Lọ sí Mẹ́kà

Dókítà obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Jẹ́dà. Ará Áílándì ni àwọn baba ńlá rẹ̀, ará Sìkọ́tílándì ni ti ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà, ó ti lé ní ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan tí mo ń tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, ó na fóònù sí mi kí n wò ó. Àwòrán ìwé àtijọ́ kan ni, ìwé ọkọ̀ ojú omi, orúkọ èèyàn tò rẹrẹ lórí rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn òun nìyẹn. Pòtétò ló jẹrà mọ́ inú ilẹ̀, ìyàn mú, ẹni tó lè rìn rìn dé etíkun, wọ́n sì bá ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà.

Mo ní, "Dókítà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àwọn tiyín ni? Ṣebí orúkọ a máa jọra."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò gbára lé orúkọ, akọ̀wé ọkọ̀ a máa kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ìṣe ilé ni òun tọ̀ lẹ́yìn. Nílé bàbá òun, pòtétò tí wọ́n bá kọ́kọ́ wà lọ́dún, wọn kì í jẹ ẹ́, wọ́n á dá a padà sínú ilẹ̀ ni. Nígbà tí òun wá rí ìdílé kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọn ò tiẹ̀ mọ ìdí rẹ̀, ṣe ni òun jókòó sáàárín oko wọn tí òun sunkún.

Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni tiyín tó lọ?"

Háà! Mo ní tèmi. Kí wọ́n tó bí ìyá mi, eéṣú jẹ oko Ìwó títí kan èèpo igi. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi ní dípò kí ebi pa òun sílé, òun á bá àwọn oníṣòwò Hausa gòkè, òun á sì ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé Mẹ́kà. Ó lọ nìyẹn. Gbogbo òkú ilé wa la ṣe fìdáù fún, òun nìkan ni a ò ṣe é fún, nítorí bàbá ìyá mi ní a kì í ṣe àdúà òkú fún ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó kú. Bàbá náà kú, ọ̀rọ̀ di ti ìyá mi. Ìyá mi sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ohun tí ń bà á lẹ́rù ni pé bóyá ṣe ni bàbá tó rìn lọ yẹn dá nìkan kú sínú iyanrìn. Bí mo bá pè é, a ò tíì kíra tán tí á fi bi mí pé, "Ṣé o ti gbúròó bàbá?"

Kì í ṣe pé mi ò wá wọn o. Ọ̀nà tí mo gbà ni kò dáa. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá lọ sí Mẹ́kà, àárín àwọn Yorùbá ni mo ti ń béèrè. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé gbogbo wọn wá, àná òde yìí náà ni wọ́n dé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà yìí ni mo lọ sọ́dọ̀ Àlàájà kan ní Kúdáì, àdúgbò kan ní Mẹ́kà, ẹni tó bá ùmúrà wá tí kò padà sílé mọ́. Kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń se oúnjẹ tà. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó pàtẹ́wọ́.

"Àlàájì, ẹ̀yin tí ẹ kàwé tó báyìí! Àárín Yorùbá lẹ ti ń wá wọn? Ta ni wọ́n bá rìn?"

"Hausa ni."

"Ẹni tó bá Hausa wá nígbà yẹn, Hausa ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi sin ín. Ẹ ò mọ̀, ọmọ wọn lè máa fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ níbí!"

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ládùúgbò, ìyá Hausa ni gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, Lárúbáwá nìkan ló ń sọ. Ó ní ẹsẹ̀ ni bàbá òun fi rìn dé, ó kọlà, ó sì kú nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje. Kò mọ orúkọ ìlú kankan. Ìrètí mi pin. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló fẹsẹ̀ rìn wá, ta ni kò kọlà nínú wọn?

Wọ́n gbé ìrẹsì wá nínú àwo ńlá, a fọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bù ú, ìyá náà dìde, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó ṣílẹ̀kùn ìta. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá ké ní Lárúbáwá pé, "Ta ló kù lóde?" Ó dúró díẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó padà wá jókòó, ó ní, "Bísímílà."

Gbogbo irun ara mi dìde. Nílé wa ní Ìwó, a kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi kí àgbà kan kọ́kọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí ó pè pé, "Ta ló kù lóde?" Àwọn aládùúgbò a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ ò rí àwọn ará ilé Ta-ló-kù-lóde!" N kò rí ilé mìíràn tó ń ṣe é rí láyé mi.

Mo bi ìyá náà ní ìdí rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ìyá òun ló sọ pé bàbá òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun láì ṣe é.

Àlàájà lanu sílẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí, èmi rò pé ológbò ni wọ́n ń pè!"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Èdè ti lọ, orúkọ ìlú ti lọ, gbogbo aṣálẹ̀ yẹn wà láàárín wa, síbẹ̀ ìlẹ̀kùn kan náà là ń ṣí. Ọmọ bàbá wa ló jókòó sí iwájú mi, tó ń já ẹran fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti pe ìyá mi. "Màmá, bàbá dé Mẹ́kà. Wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ. Ọmọ wọn rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Mo sọ ohun tí mo rí.

Ó wá ní, "Níbo ni wọ́n sin wọ́n sí?"

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá náà. Itẹ́ òkú ńlá Mẹ́kà ni, wọn kì í sì í kọ orúkọ sí sàréè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí tiwọn. Ó nira fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

"Ṣé àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ kọjá ohun tí ojú lè rí tán, Màmá."

"Wọn ò dá wà nìyẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ tó ń pariwo mọ́ àwọn ará ilé: "Ẹ bá mi pe àwọn ààfáà wá, ká ṣe fìdáù bàbá! Lónìí ni o, kì í ṣe ọ̀la! Ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn? Dìde!" Ó ti gbàgbé pé mo wà lórí fóònù. Mo gbé e mọ́ etí, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa àga àti ẹní jáde sí àgbàlá.